Kòkó wa lọ́jà àgbáyé: ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi wá léraléra, àti ìdáhùn wọn

Ta ló ń dá owó lé kòkó gan-an?

Kì í ṣe ìjọba Nàìjíríà, kì í ṣe àgbẹ̀, kì í sì í ṣe aràkòkó tó gbé òṣùwọ̀n wá sí abúlé. Ọjà méjì ló ń dá owó lé e: ti London, níbi tí wọ́n ti ń fi pọ́n-ùn ná an, àti ti New York, níbi tí wọ́n ti ń fi dọ́là ná an. Àdéhùn láti ra kòkó tàbí láti tà á lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kì í ṣe àpò kòkó tó wà nílẹ̀. Àdéhùn kan dúró fún tọ́ọ̀nù 10, oṣù tí àdéhùn sì máa ń pé ni oṣù Kẹta, Karùn-ún, Keje, Kẹsàn-án àti Kejìlá.

Ilé iṣẹ́ ṣokoléètì tó fẹ́ mọ iye tí yóò san lọ́dún tó ń bọ̀ wà níbẹ̀. Oníṣòwò tó ti ra kòkó sílẹ̀, tí kò fẹ́ kí owó rẹ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́, wà níbẹ̀. Àwọn tí kò ní fojú kan èso kòkó láyé wọn, tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fi ń wá owó, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìròyìn òjò láti Àbíjàn lè gbé e sókè láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aràkòkó ní Ìdànrè ti gbọ́ lórí WhatsApp.

Báwo ni owó London ṣe ń di owó tí wọ́n ń san lábúlé?

Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn ṣírò ṣe é. Ká ní tọ́ọ̀nù kan jẹ́ $6,000, dọ́là kan sì jẹ́ ₦1,500. Ìyẹn jẹ́ ₦9,000,000. Àpò tí wọ́n fi ń kó kòkó lọ sókè òkun máa ń wọn nǹkan bíi kílò 62.5 sí 64, nítorí náà nǹkan bí àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá pín in, àpò kan jẹ́ ₦562,500, kílò kan jẹ́ ₦9,000. Kò sí àgbẹ̀ tí ₦9,000 yẹn yóò pé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ nínú rẹ̀ lọ báyìí: owó ọkọ̀ ojú omi àti ìbánigbófò, ìnáwó èbúté l'Éko, oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó kí ó tó wọ kọ́ńtéénà, àpò jútù fúnra rẹ̀, owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà, ọkọ̀ láti abúlé dé ilé ìkẹ́rù, èlé báńkì, àti èrè ó kéré tán èèyàn mẹ́ta: aràkòkó tó ń lọ láti oko dé oko, aṣojú tó ní ìwé àṣẹ nílùú, àti ẹni tó ń kó o ránṣẹ́. Àwọn olùrà òkè òkun tún máa ń fi nǹkan kún owó ọjà tàbí kí wọ́n yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe rí kòkó ìlú kan sí. Ti Gánà, wọ́n sábà máa ń fi kún un. Tiwa, yíyọ ló pọ̀ jù.

Ọ̀rinrin ni èyí tí àgbẹ̀ kì í sábà kà sí. Kòkó tó wọn kílò 100 pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 10 nínú 100 yóò di nǹkan bíi kílò 97 bó bá gbẹ dé ìdá 7. Aràkòkó mọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì ti yọ kílò mẹ́ta náà kúrò nínú owó tó bá pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ ọ́ jáde. Bí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá tún ń parọ́, kílò mẹ́fà ti lọ nìyẹn.

Kí ló gbé owó kòkó ga bẹ́ẹ̀ ní 2024, kí ló sì já a wálẹ̀?

Côte d'Ivoire, tí àwọn ará ilé ń pè ní Àbíjàn, àti Gánà ló ń mú ohun tó ju ìdajì kòkó ayé wá. Ní 2023 òjò rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú sì bo oko. Kòkòrò àrùn tó ń mú ọ̀mùnú igi kòkó wú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn kan kò sì ràn án. Híhú igi náà sọnù nìkan ni ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀pọ̀ igi ti darúgbó. Ní Gánà, àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ gbẹ́ oko kòkó dànù.

Ọjà tó wà ní nǹkan bíi $2,500 fún tọ́ọ̀nù kan ní 2022 kọjá $10,000 ní New York ní oṣù Kẹta 2024, ó sì kọjá $12,000 ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Lẹ́yìn náà ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ṣokoléètì dín ìwọ̀n ṣokoléètì kù láìdín owó rẹ̀, wọ́n yí èròjà padà, àwọn tó ń lọ kòkó sì dín ìlọ̀ kù. Òjò tó dára padà sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Ẹ̀kùàdọ̀ sì ń gbìn sí i lọ́dọọdún. Kí 2025 tó parí, owó náà ti bọ́ sí nǹkan bí ìdajì ibi gíga tó dé.

Ṣé bí dọ́là bá ṣe ń wọ́n ló ṣe ń dára fún àgbẹ̀ kòkó?

Ó dára fún un lọ́jọ́ tó bá ta ọjà. Ní oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦1,500 ní 2024. Àgbẹ̀ tó ta kòkó rẹ̀ ní iye dọ́là kan náà á rí náírà ìlọ́po mẹ́ta gbà. Nígbà tí owó kòkó fúnra rẹ̀ tún wá ga sí i, ohun méjèèjì para pọ̀, ìdí nìyẹn tí ilé tuntun fi ń yọ lábúlé kòkó ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun lákòókò yẹn.

Àmọ́ oògùn tó ń fín sí èso, ajílẹ̀, ẹ̀rọ ìfínko àti epo tí ọkọ̀ ń jẹ, dọ́là ló ń dá owó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí kòkó bá já lọ́jà àgbáyé tí dọ́là kò sì já, owó oògùn kì í bá a já. Ibi tí àgbẹ̀ ti ń há nìyẹn: ó fín oògùn ní oṣù Kẹfà pẹ̀lú owó ọjà gíga, ó ta kòkó ní oṣù Kọkànlá pẹ̀lú owó ọjà tó ti wálẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ ná lórí oko kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti oṣù Kẹta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ owó tí ẹ lè tà á tí ẹ kò ní jẹ gbèsè.

Kí ló dé tí ìjọba kò fi ń dá owó lé kòkó fún wa mọ́ bíi ti àtijọ́?

Bọ́ọ̀dù kòkó bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn, ti Ìwọ̀ Oòrùn sì wà n'Íbàdàn. Bọ́ọ̀dù ń ra kòkó ní iye kan náà níbi gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, ó sì ń tà á lókè òkun ní iye tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tó kù láàárín méjèèjì wà lára ohun tí ìjọba fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun náà ló sì wà lẹ́yìn Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé lára owó àgbẹ̀ ni wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968, owó orí àti iye tí bọ́ọ̀dù ń san wà lára ohun tí wọ́n ń bínú sí.

Ìjọba tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986, nígbà ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Láti ìgbà náà, owó ọjà àgbáyé ń wọ abúlé wa tààrà, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú.

Ṣé ètò tí Gánà àti Côte d'Ivoire ń lò wá dára ju tiwa lọ?

Ó sinmi lórí ọdún tí ẹ bá bi wá. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ń ta ọ̀pọ̀ kòkó wọn sílẹ̀ ṣáájú ìkórè, wọ́n á wá fi owó tí wọ́n rí dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ní 2023 sí 2024, wọ́n ti tà á ní owó pọ́ọ́kú kí ọjà tó fò sókè. Àgbẹ̀ Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sáà náà ní sẹ́fà 1,000 fún kílò kan, wọ́n sún un sí 1,500 ní oṣù Kẹrin 2024. Lákòókò kan náà, aràkòkó ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń bá ọjà àgbáyé lọ lójoojúmọ́, àgbẹ̀ wọn sì ń gba owó tó ga jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kòkó Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn igbó wọ Tógò.

Ní oṣù Kẹwàá 2025 ó yí padà. Côte d'Ivoire gbé iye rẹ̀ sí sẹ́fà 2,800, ọjà àgbáyé sì ń já lọ. Lákòókò náà, àgbẹ̀ wọn ní iye tó dúró. Tiwa ń já bí ọjà ṣe ń já. Lójú tiwa, ẹni tó bá ní ká dá bọ́ọ̀dù padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú àpò owó náà àti ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ná an lórí nǹkan mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn èyí dáadáa.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí kòkó bá wọ́n ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́ nílé ń tì?

Ìbéèrè tó ń wá jù nìyí, ìdáhùn rẹ̀ ló sì ṣòro jù fún àwọn èèyàn láti gbà. Ohun tó ń gbé àgbẹ̀ ga náà ló ń rẹ ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe n'Ílé-Olújì, n'Íbàdàn àti l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀rọ á yan kóró, á bó èèpo rẹ̀, á lọ̀ ọ́ di ògì dúdú tó ki. Wọ́n á fún ògì yẹn. Ọ̀rá tó bá jáde ni bọ́tà kòkó, èyí tó gbẹ sẹ́yìn ni wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun. Tọ́ọ̀nù kóró kan ń mú ògì nǹkan bíi kílò 800 wá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ bọ́tà. Olùrà kì í dá iye owó lé bọ́tà lọ́tọ̀. Ìlọ́po owó kóró lọ́jà London tàbí New York ló ń pè, bíi ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Bí ìlọ́po yẹn bá dín díẹ̀ nígbà tí kóró ń wọ́n, èrè ti tán kí ẹ̀rọ tó yí.

Owó tí wọ́n fi ń ra kóró ló wá ń pa wọ́n. Ìkórè ńlá máa ń wáyé láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejì, èyí tó kéré sì ń wá láàárín ọdún, nítorí náà ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra kóró oṣù mẹ́ta ó kéré tán sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ tó ń lọ tọ́ọ̀nù 2,000 lóṣù. Kóró oṣù mẹ́ta jẹ́ tọ́ọ̀nù 6,000. Ní $2,500, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 15. Ní $9,000, ó di mílíọ̀nù 54. CBN gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú 100 ní oṣù Kọkànlá 2024, báńkì sì ń yáni ní ìdá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èlé oṣù mẹ́ta lórí mílíọ̀nù 15 ní ìdá 30 jẹ́ $1,125,000. Lórí mílíọ̀nù 54, ó jẹ́ $4,050,000.

Oníṣòwò ńlá tó wá láti òkè òkun ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ yìí ní ilé ìkẹ́rù kan náà. Ká ní ìdá 7 ni wọ́n fi yá a lówó nílé rẹ̀. Èlé oṣù mẹ́ta tirẹ̀ lórí mílíọ̀nù 54 jẹ́ $945,000. Ẹ tún un kà: kòkó tó wọ́n gan-an ná an ní èlé tó kéré sí ohun tí ọmọ Nàìjíríà san nígbà tí kòkó pọ́ọ́kú. Bí àwọn méjèèjì bá wá ń du àpò kan náà lọ́wọ́ aṣojú, kò sí bí ti ilé ṣe lè borí.

Iná mànàmáná la fi kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀rọ tó ń yan kóró àti èyí tó ń fún ọ̀rá kò fẹ́ kí iná dá. Bó bá dá láàárín iṣẹ́, ògì á dì nínú páìpù, wọ́n á sì fi wákàtí mélòó kan yọ́ ọ kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo gáàsì tàbí dísẹ́ẹ̀lì tọ̀sán-tòru.

Òótọ́ ni pé Yúróòpù ń gba owó ẹnubodè lórí bọ́tà kòkó wa, tí wọn kì í gbà á lórí kóró?

Òótọ́ ni. Kóró kòkó ń wọ Yúróòpù láìsan kọ́bọ̀. Bó bá ti di ohun tí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn: lábẹ́ ètò ẹ̀dínwó tí Nàìjíríà wà, bọ́tà ń san ìdá 4.2 nínú 100, ògì ń san ìdá 6.1, ìyẹ̀fun sì ń san ìdá 2.8.

Gánà àti Côte d'Ivoire kò san èyíkéyìí nínú wọn, torí pé wọ́n ti bá Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn ìṣòwò. Nàìjíríà kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé bí a bá ṣí ẹnubodè sílẹ̀, ọjà Yúróòpù yóò bo àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn nílé. Ìdí yẹn kò ṣeé fojú tẹ́ńbẹ́lú fún orílẹ̀-èdè tó ti rí bí ilé iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ ní Kàdúná àti Kánò ṣe parun. Síbẹ̀, ìdá 4.2 lè jọ owó kékeré, àmọ́ èrè ilé iṣẹ́ ìlọ̀kòkó lórí bọ́tà kì í sábà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń lọ kòkó ló ń san owó ààbò àwọn ẹlòmíràn.

Ṣé kí ìjọba kúkú fòfin de kíkó kóró jáde, ká lè máa lọ̀ ọ́ nílé?

Àwọn kan ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́. Indonesia gbé owó orí lé kóró tó ń jáde ní 2010. Ilé iṣẹ́ ìlọ̀kòkó ya wọ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ dín kù, igi ń darúgbó, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì bọ́ sídìí iṣẹ́ oko mìíràn. Ní báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ náà ń ra kóró láti ìlú òkèèrè. Malaysia jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ń mú tọ́ọ̀nù tó lé ní 200,000 wá, ọ̀pẹ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ kòkó, ìkórè rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, síbẹ̀ ó ń lọ ohun tó lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù kóró tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn.

Ẹ tún wo Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ ìran wa wà. Àrùn kan tó ń mú ẹ̀ka igi hù bí ìgbálẹ̀ wọ oko kòkó wọn ní 1989, ìkórè sì wó lulẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ilé ìlọ̀kòkó Ilhéus kò tì. Gánà àti Côte d'Ivoire ni wọ́n ń lọ ra kóró kún tiwọn. Nítorí náà ilé iṣẹ́ lè wà láìsí oko, oko sì lè wà láìsí ilé iṣẹ́. Owó yíyá tí èlé rẹ̀ kò pọ̀, iná tí kì í dá, àti èbúté tó ń yára ṣiṣẹ́ ló ń pinnu ibi tí ẹ̀rọ yóò wà.

Bí Nàìjíríà bá fòfin de kóró lónìí, agbára ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò lè ra gbogbo ìkórè, owó abúlé yóò já láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kòkó yóò sì máa gba ọ̀nà pápá wọ Kòtónù.

Kí ni òfin Yúróòpù lórí igbó ń fẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀?

Ohun méjì. Àkọ́kọ́, kòkó náà kò gbọdọ̀ wá láti ilẹ̀ tó jẹ́ igbó títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, tí wọ́n wá gé igi rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Èkejì, ẹni tó ń kó o wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ lè fi oko tó ti wá hàn lórí máàpù. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2026 ni gbèdéke tó wà nílẹ̀.

Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú kan ṣoṣo lórí GPS (ohun tó ń sọ ibi tí fóònù wà lórí máàpù) ti tó, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìpín. Oko tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò rìn yí etí rẹ̀ ká, kí fóònù máa kọ ojú ibi tí ẹ gbà sílẹ̀. Ẹ má ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé láti ya ojú oko; àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, sátẹ́láìtì yóò sì fi hàn pé òrùlé páànù ni ẹ pè ní oko kòkó. Ẹ má sì gbà kí aràkòkó fi ojú oko yín ta kòkó ẹlòmíràn.

Ibi tó le ni àwọn oko tó wà nínú igbó ìjọba, bíi Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Olúwa ní Oǹdó. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ kí 2020 tó dé, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kódà bí ti ẹni àkọ́kọ́ bá yege lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́, òfin tún béèrè pé kí ẹni náà ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà lábẹ́ òfin ìlú rẹ̀. Àpò kan láti irú oko bẹ́ẹ̀ tó bá pò mọ́ 199 tó mọ́ yóò ba gbogbo kọ́ńtéénà jẹ́. Ẹ béèrè ilé ìkẹ́rù tí aràkòkó yín ń lò, àti bóyá ó ń ya kòkó sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Kí ló ń mú kí olùrà òkè òkun kọ kòkó wa tàbí kó yọ owó rẹ̀?

Wọ́n máa ń mú kóró 300 láti inú ẹrù, wọ́n á là wọ́n ní gígùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó lè wà ní ìpele kìíní, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú 100 lọ, èyí tó ní àwọ̀ eérú nítorí pé a kò bò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 3, èyí tí kòkòrò jẹ, tó hù tàbí tó pẹlẹbẹ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 3. Ẹ bo kóró tútù sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì dà á rú lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin. Àwọn tó ń bò ó fún ọjọ́ méjì nítorí pé wọ́n nílò owó ni wọ́n ń mú orúkọ kòkó Nàìjíríà bàjẹ́.

Ẹ sá a fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, títí ọ̀rinrin rẹ̀ yóò fi bọ́ sí ìdá 7 tàbí ìdá 7.5. Ẹ má ṣe sá a sórí ọ̀dà títì, ẹ má sì fi èéfín igi gbẹ ẹ́: òórùn èéfín kì í kúrò nínú bọ́tà láéláé, Yúróòpù sì ní òṣùwọ̀n fún májèlé tí èéfín ń fi sínú rẹ̀. Lórí oògùn, Gamalin tí àwọn bàbá wa ń fín ti di èèwọ̀ tipẹ́; ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á fún yín lábẹ́ tábìlì ń ta wàhálà fún yín.

Owó ẹnubodè tuntun Amẹ́ríkà ń kọ́? Ṣé ó kan kòkó?

Ó kàn án fún oṣù díẹ̀. Amẹ́ríkà kéde ìdá 14 nínú 100 lórí ọjà Nàìjíríà ní oṣù Kẹrin 2025, ó di ìdá 15 ní oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n yọ kòkó, kọfí àti àwọn nǹkan mìíràn tí kì í sábà hù nílẹ̀ wọn kúrò nínú rẹ̀, torí pé àwọn tó ń ra oúnjẹ níbẹ̀ ń pariwo. Yúróòpù ni kòkó wa ń lọ jù ní tiwa, nítorí náà ìpalára rẹ̀ kò pọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè fi òrí rọ́pò bọ́tà kòkó?

Díẹ̀ nínú rẹ̀. Òfin Yúróòpù gbà kí ṣokoléètì ní ọ̀rá igi mìíràn tí kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ, òrí àti epo ọ̀pẹ sì wà lára àwọn tó gbà. Bí bọ́tà kòkó bá wọ́n, àwọn tí kì í lò ó tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, owó èso òrí á sì gòkè láti Ṣakí dé ìpínlẹ̀ Niger. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì fún jáde fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn tó ń fún òrí nílé lè rí i rà. Ẹ̀kọ́ Indonesia tí a sọ lókè yẹn, ibí yìí ló ti kan àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí: owó tí wọ́n ń san fún wọn lọ́jà ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe iye ilé iṣẹ́ tó ṣí.

Kòkó wà nílé, owó sì ń já. Ṣé kí n dúró títí yóò fi ga?

Bí ọ̀rinrin rẹ̀ bá wà ní ìdá 7, tí àpò wà lórí pákó tí kò kan ilẹ̀ tàbí ògiri, tí kò sí àlùbọ́sà, epo tàbí oògùn nínú iyàrá náà, ó lè dúró oṣù mẹ́ta. Nígbà òjò, kòkó máa ń fa ọ̀rinrin padà. Bó bá kọjá ìdá 8, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu nìyẹn. Ẹ tú àpò kan wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Bí owó yíyá lẹ fi kó o jọ, ẹ má dúró. Ní èlé ìdá 30 lọ́dún, owó kòkó gbọ́dọ̀ ga ní ìdá 7.5 láàárín oṣù mẹ́ta kí ẹ tó padà sí ibi tí ẹ wà lónìí.

Ṣé ó yẹ kí n gbin kòkó tuntun báyìí?

Igi tí ẹ bá gbìn lónìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Owó tí ẹ ń rí lónìí kọ́ lẹ óò tà á. Gbogbo ẹni tó rí owó 2024 ní Ẹ̀kùàdọ̀, Bràsíìlì àti Kamẹrúùnù ń gbìn lọ́wọ́, èso wọn yóò sì bá tiyín pàdé lọ́jà lọ́dún kan náà. Ẹ fi $3,000 ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá mú èrè wá ní iye yẹn, ẹ má ṣe é.

Bí ilẹ̀ bá wà tí ìṣirò sì dúró, ẹ fi mítà mẹ́ta sí mẹ́ta gbìn ín, èyí jẹ́ igi nǹkan bí 1,100 lórí hẹ́kítà kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn kí ó lè ṣíji bò ó, òun náà ni yóò sì mú owó wá fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹ gba irúgbìn lọ́dọ̀ ilé ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́, n'Íbàdàn, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á níbẹ̀. Tí igi àtijọ́ bá wà lóko yín tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, pípààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dára ju ṣíṣí igbó tuntun lọ. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí Yúróòpù yóò bi yín nípa igbó yẹn.